Oúnjẹ Lọ̀rẹ́ Àwọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Oko Yín Bọ́ Ilé Yín



Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n oríṣi oúnjẹ kan ṣoṣo kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ara ń fẹ́. Ènìyàn lè jẹ ẹ̀bà ní àárọ̀, kí ó jẹ làfún ní ọ̀sán, kí ó sì jẹ fùfú ní alẹ́. Ikùn rẹ̀ yóò kún, síbẹ̀ ara rẹ̀ yóò ṣe aláìní, nítorí pé gbágùúdá kan náà ni ó jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ara àwọn ọmọdé àti àwọn aboyún ni ìpalára rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ hàn.

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ìdí tí ó fi yẹ kí àgbẹ̀ máa gbin oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn fún jíjẹ ilé, àti bí a ṣe lè ṣe é láìfi èyí tí ń mówó wọlé sílẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́ NÍ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà déédéé, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n wọn sí orí ìwé kan tí ìyá ọmọ ń tọ́jú sí ilé. Bí ìlà orí ìwé bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí ó ń wálẹ̀, ìkìlọ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ìdàgbàsókè ọmọ lè ti dúró kí òbí tó fi ojú rí àìsàn kankan lára rẹ̀. Àkókò tí èyí wọ́pọ̀ jù ni ìgbà tí wàrà ìyá nìkan kò tó mọ́, tí a sì ń fún ọmọ ní ògì lásán. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àti ojú ọmọ lè wú, irun rẹ̀ lè pọ́n kí ó sì máa já, kò sì ní fẹ́ ṣeré mọ́. Kwashiorkor ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Láti inú èdè Gã ti ilẹ̀ Gánà ni orúkọ náà ti wá. Ó túmọ̀ sí àìsàn tí í ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àbíkú. Ẹ tètè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

ORÍṢI OÚNJẸ MẸ́TA

1. Èyí tí ń fún ni ní agbára: iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí kò ṣọ̀wọ́n ní oko wa.

2. Èyí tí ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, òtílí, ẹja, ẹran, ẹyin, wàrà.

3. Èyí tí ń dáàbò bo ara: ẹ̀fọ́, èso, epo pupa.

Bí a bá pín gàrí sí ọ̀nà 100, èròjà tí ń mú ara dàgbà kò tó 3 nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní 20. Nínú sóyà, ó tó bí 36 sí 40. Àgbàdo àti ẹ̀wà sì tún ń ran ara wọn lọ́wọ́: ohun tí ó dín nínú ọ̀kan ni èkejì ń fi kún un. Nítorí náà, oúnjẹ àtàtà ni àdàlú tí àwọn ìyá wa ń sè.

BÍ A ṢE LÈ ṢETÒ OKO

Àgbẹ̀ kan lè sọ pé, "Gbágùúdá ni ó ń mówó wá fún mi." A kò ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yín sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ilé, kí ẹ sì tẹ̀lé ètò yìí:

(a) Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, ẹ gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí sí àárín gbágùúdá. Ẹ̀gúsí yóò bo ilẹ̀, yóò sì dín koríko kù.

(b) Ní oṣù Kẹfà sí Keje, ẹ gbin sóyà.

(d) Ní ìparí oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbin ẹ̀wà, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá gbó sínú òjò, yóò jẹrà. Ẹ̀wà àti sóyà ní àwọn kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò wọn tí ń mú ilẹ̀ lọ́ràá.

(e) Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ugwu, ilá àti ìbẹ́pẹ. Tẹ̀tẹ̀ ń tó jẹ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lo àkùrọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fún àwọn ìyàwó yín ní ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ilé fún iṣẹ́ yìí.

(ẹ) Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìjọba fi ọwọ́ sí oríṣi gbágùúdá mẹ́ta tí inú wọn pọ́n bí ìyeyè: UMUCASS 36, 37 àti 38. Wọ́n ní èròjà fítámì A, tí kì í jẹ́ kí ojú ṣókùnkùn ní àṣálẹ́. Ẹ béèrè igi wọn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn agbègbè yín.

Ẹ má ṣe ta gbogbo ẹ̀wà yín ní ìgbà ìkórè, kí ẹ má baà rà á padà ní ọ̀wọ́n. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní omi nínú, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò kò lè pẹ́ láyé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ má ṣe da oògùn olóró sí oúnjẹ.

ÒGÌ FÚN ÀWỌN ỌMỌDÉ

Wàrà ìyá nìkan tó fún ọmọ títí di oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, kí ìyá máa fún un lọ́mú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì máa fi oúnjẹ gidi kún un. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oṣòdì ti ṣe àgbékalẹ̀ ògì oní-sóyà. A lè ṣe irú rẹ̀ nílé báyìí:

Ẹ rẹ àgbàdo agolo méje sínú omi fún ọjọ́ méjì. Ẹ se sóyà agolo mẹ́ta nínú omi híhó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bó èèpo rẹ̀ bí ẹ ti ń bó ẹ̀wà àkàrà. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ lọ̀ wọ́n kúnná, kí ẹ sì sẹ́ ẹ bí ògì. Ẹ má ṣe lo sóyà tí a kò sè, nítorí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ. Kí ògì náà ki. Omi kò lè bọ́ ọmọ.

ÀṢÀ TÍ Ó YẸ KÍ A YÍ PADÀ

Àwọn kan gbà pé bí ọmọ bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran, yóò di olè. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìwà. Ẹyin ń mú ara rẹ̀ dàgbà ni. Bí ẹja bá wà nínú ìkòkò, kí ó kan aboyún àti ọmọdé pẹ̀lú baálé. Bákan náà, ẹ má ṣe yọ́ epo pupa títí yóò fi funfun, nítorí pé nínú pípọ́n rẹ̀ ni oore rẹ̀ wà.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

Ẹ ka ohun tí ìyá ilé jẹ láti àárọ̀ àná di alẹ́. Ọ̀nà mẹ́wàá ni a pín in sí: àgbàdo àti ohun abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀wà àti irú rẹ̀, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí, wàrà, ẹran tàbí ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ tútù, èso àti ewébẹ̀ tí inú wọn pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ewébẹ̀ mìíràn bí ilá, èso mìíràn bí ọsàn. Bí ó bá jẹ nínú ọ̀nà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bí kò bá tó márùn-ún, ẹ wo èyí tí ó kù, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ilẹ̀ yín lè mú un jáde ní ọdún yìí.

Kí oko yín so, kí ilé yín sì yó.