Yíyọ Ilé Ọmọ Lára Obìnrin tí Àrùn Àtijọ́ ń Bá Gbé

Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ni ó mọ ohun tí à ń pè ní ìju, èyíinì ni kókó ẹran tí í máa hù nínú ilé ọmọ. Nínú ara ẹlòmíràn kì í ju èso àgbálùmọ̀ lọ, ẹni náà kò sì ní í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú ti ẹlòmíràn a máa tóbi títí ikùn rẹ̀ yóò fi dà bí ti aboyún oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù rẹ̀ yóò sì máa ya bí omi. Nígbà tí oògùn kò bá ràn án mọ́, tí obìnrin náà sì ti bí iye ọmọ tí ó fẹ́ bí, àwọn oníṣègùn a máa gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí a yọ ilé ọmọ náà kúrò pátápátá. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, lè mú irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wá pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe nípa obìnrin tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ nípa ẹni tí àrùn mìíràn ti ń bá gbé fún ọdún púpọ̀ kí ìju tó dé, tí ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: Bí a bá yọ ilé ọmọ mi, ǹjẹ́ àrùn mi àtijọ́ yóò ha bá a lọ bí? Ara mi yóò ha sì lè gba ọ̀bẹ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Lyme. Orúkọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni, níbi tí a ti ṣàkíyèsí àrùn náà láàrin àwọn ọmọdé ní 1975. Eégbọn igbó àwọn ilẹ̀ òtútù ni ó ń gbé e wọ ara ènìyàn. Irú eégbọn náà kì í ṣe èyí tí à ń já kúrò lára màlúù ní Bódè Sáàdù. Ní 1982 ni Willy Burgdorfer kéde kòkòrò tín-ín-tín tí ó ń fà á. Oògùn a máa wo ọ̀pọ̀ jù lọ sàn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àárẹ̀ àti oríkèé dídùn kò fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Bí a bá yọ ilé ọmọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìrora nǹkan oṣù rẹ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ń dùn ún, kì í ṣe ilé ọmọ ni ó rán an níṣẹ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin, àrùn tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ ni èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn ilé ìwòsàn ń pè ní SS. Lórí rẹ̀ ni èmi yóò dúró. Ní 1910 ni James Herrick, oníṣègùn ní Chicago, kọ̀wé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé, tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn àgbà wa fún un fi hàn pé wọ́n mọ ìṣe rẹ̀ dáradára. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ AS kiri láìṣàìsàn. Bí irú wọn méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn lè jẹ́ SS, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó. Ní ayé àtijọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í dàgbà. Nísinsìnyí, nípa ìtọ́jú, a ń rí àwọn tí ó pé ogójì ọdún àti àádọ́ta ọdún, àkókò tí ìju náà ń yọ obìnrin lẹ́nu nìyẹn. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá irú ọ̀ràn yìí pàdé.

Kí òǹkàwé fi ọkàn sí ibi tí àrùn yìí ń gbé. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe inú ilé ọmọ. Níbẹ̀ ni a ti ń ṣe hóró ẹ̀jẹ̀ tí ń tẹ̀ bí dòjé. Nígbà tí òtútù bá mú ẹni náà, tàbí tí òǹgbẹ gbẹ ẹ́, tàbí tí ibà kọ lù ú, tàbí tí afẹ́fẹ́ kò tó o, àwọn hóró náà a tẹ̀, wọn a sì há sí ojú iṣan bí igi tí ó há sí ẹnu odò, ìrora eegun yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gé ẹ̀ka tí àfòmọ́ bò ti mú àfòmọ́ náà kúrò. Ṣùgbọ́n bí ikán bá wà ní ìdí igi náà, ikán kò bá ẹ̀ka lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún obìnrin SS pé yíyọ ilé ọmọ yóò wo eegun ríro rẹ̀ sàn ń tàn án jẹ.

Èrè rẹ̀ kò ṣàì pọ̀, síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ SS kéré tẹ́lẹ̀. Bí ìju bá ń fà á dànù lóṣooṣù, ó ń kó owó jáde láti inú àpò tí kò kún rí. Nígbà tí ilé ọmọ bá ti kúrò, jíjò náà dá, àárẹ̀ tí ó ti inú rẹ̀ wá yóò sì dínkù.

Àwọn obìnrin a máa béèrè pé: ibo ni ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù yóò máa gbà jáde, kò ha ní í kó jọ sí inú, kí ó sì di májèlé bí? Rárá o. Nǹkan oṣù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí tí ara ń dà nù. Aṣọ tí ilé ọmọ fi tẹ́ inú ara rẹ̀ de oyún ni. Bí oyún kò bá dé, a ká a kúrò. Níbi tí kò sí ilé, a kì í tẹ́ ẹní. Bí a bá sì fi ilé ẹyin méjèèjì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, obìnrin náà kò ní í di arúgbó lójijì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ẹni tí a yọ ilé ọmọ rẹ̀ yóò padà wá sí ayé ní àgàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí àwọn tí ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò rí ibi tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lé. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọmọ sí i ní ayé tí a wà yìí, kí ó béèrè bí a bá lè yọ ìju nìkan, kí a sì fi ilé ọmọ sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ wà.

Iṣẹ́ abẹ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní 1853, ní ìlú Lowell ní Amẹ́ríkà, Walter Burnham la ikùn obìnrin kan nítorí ohun mìíràn. Obìnrin náà bì, ilé ọmọ rẹ̀ tí ó kún fún ìju sì yọ síta, kò sì ṣeé dá padà. Ó yọ ọ́, obìnrin náà sì yè. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú àwọn tí a ṣe é fún ni ó ń kú. Lónìí púpọ̀púpọ̀ ni ó ń yè.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sọ pé ẹni ọdún 44 ni, tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Kí ó tó wọ ilé ọkọ ni ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kí ó máa pe àrùn náà ní làkúrègbé, nítorí ẹnu ayé. Nígbà tí dókítà wá béèrè àìsàn tí ó ti ṣe é rí, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó sì dáhùn pé, “Làkúrègbé ni, sà.” Lóòótọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò fi SS hàn ní ilé ìwòsàn tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò lè sọ iye ìgbà tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, bóyá ẹ̀jẹ̀ àlejò kan ti bá a jà rí, bóyá àyà ti dùn ún rí tí kò lè mí dáradára. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ìwọ̀nyí. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í dé etí ìyá ọkọ bí kò bá fẹ́. Kí ó mú gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, àti àgbo pẹ̀lú, kí ó má sì tijú.

Ibi tí a ó ti ṣe é ṣe pàtàkì. Kí ó jẹ́ ibi tí oníṣègùn obìnrin àti oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ lè jùmọ̀ wò ó, bí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin tí a dá sílẹ̀ ní 1980, tàbí èyí tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907, tí ó di ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Wọn yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní PCV. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn a fẹ́ kí ó tó nǹkan bí 30 kí ọ̀bẹ tó kàn án, wọn kò sì ní í fẹ́ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ki jù. Fún èyí ni a ṣe gbọ́dọ̀ tètè wá àwọn ìbátan tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nígbà púpọ̀, èyí tí yóò bá tirẹ̀ mu lè ṣòro rí. Gbogbo ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni a ń sọ fún pé kí ó má jẹun. Ti ẹni yìí, kí òǹgbẹ má gbẹ ẹ́ títí, nítorí náà a ó máa fa omi sí i lójú iṣan. Kí a fi aṣọ bò ó, kí iyàrá iṣẹ́ abẹ má tutù, kí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nítòsí.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, àwa àgbẹ̀, ni àkókò. Ọyẹ́ a máa mú ní Ìlọrin láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, òwúrọ̀ rẹ̀ kì í sì í bá ẹlẹ́jẹ̀ SS rẹ́. Bí ọ̀ràn náà kò bá jẹ́ ti jẹjẹrẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tí ń dà láìdá, tí kò lè dúró, kí a bẹ dókítà kí ó má fi ọjọ́ náà sí àárín ọyẹ́. Ìgbà náà kan náà sì ni ìkórè ọkà bàbà, tí ọkọ kò ní í sí nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 obìnrin náà kò gbọ́dọ̀ gún iyán, kò gbọ́dọ̀ fa omi kànga, kò gbọ́dọ̀ ru igi, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ. Ẹ yan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí kí ẹ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora a máa mú kí aláìsàn fẹ́ dùbúlẹ̀ gbọnrangandan kí ó sì máa mí kúkúrú. Èyí léwu fún un. Kí ó máa fa èémí sínú jinlẹ̀ nígbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ là, kí ó sì dìde rìn ní kété tí nọ́ọ̀sì bá gbà á láyè, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti dé ilé, tí ara rẹ̀ gbóná, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí, tí ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí tí omi olóòórùn ń jáde lábẹ́, kí a gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà ṣe òru.

Káàdì méjì ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ yóò parí, bóyá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí wọ́n bá wo ojú ọgbẹ́ tí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ti àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ kì í parí: ọjọ́ tí a kọ sórí rẹ̀ ni kí ó lọ, kí ó sì máa lo folic acid àti oògùn adènà ibà tí wọ́n fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lò wọ́n kí ìju tó dé.