Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ A TÓ FI OWÓ ẸGBẸ́ RA MỌ́NÍTỌ̀ GÉMÙ

Ilé gémù ti di òwò, àwọn kan nínú wa sì ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi ṣí i. Àwọn mìíràn ń ta mọ́nítọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Owó tí a yá ní èlé lórí. Bí a bá fi ra agbára tí ẹ̀rọ wa kò lè lò, àwa náà la ó san án tán, kì í ṣe ẹni tó tajà fún wa. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

1. Kí ni Hz tí wọ́n ń kọ sára páálí?

Àwòrán tó ń sáré lójú mọ́nítọ̀, àwòrán dídúró ni, tí wọ́n ń pààrọ̀ kíákíá. Iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ lè pààrọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Hz. 60 Hz, ìgbà 60. 144 Hz, ìgbà 144. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni eré á máa yọ̀ tó lójú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjà wa. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, àwòrán kan ń dúró fún bí 17 ní 60 Hz, bí 7 ní 144 Hz, àti bí 4 ní 240 Hz. Láti 60 dé 144, èrè wa jẹ́ 10. Láti 144 dé 240, èrè wa ò ju 3 lọ, bẹ́ẹ̀ owó ń gòkè sí i ni.

2. Kí ni yóò bọ́ mọ́nítọ̀ náà?

Mọ́nítọ̀ kì í ya àwòrán fúnra rẹ̀. Bí alátẹ ló rí: ohun tí wọ́n bá kó wá fún un ni yóò pàtẹ. PlayStation 4, tó jáde ní 2013, kì í gbé ju 60 Hz lọ. Ẹni tó bá ra mọ́nítọ̀ 144 Hz fún un, 60 náà ni yóò máa wò. PlayStation 5, tó jáde ní 2020, lè dé 120 Hz, bí gémù náà bá gbà á. Ní ti kọ̀ǹpútà, káàdì tó ń ya àwòrán nínú rẹ̀ ló ń pinnu.

3. Wáyà ńkọ́?

HDMI 2.0 lè gbé 144 Hz lórí àwòrán 1080p. Ṣùgbọ́n fún 4K ní 120 Hz, HDMI 2.1 ni kí ẹ wá. Mọ́nítọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ihò DisplayPort rẹ̀ nìkan ló ń gbé iye tó wà lára páálí. Ihò HDMI rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó sanwó.

4. Yíyẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

(a) Lórí Windows, ẹ ṣí Settings, System, Display, Advanced display. Ẹ wo iye Hz tó ga jù níbẹ̀, kí ẹ sì yàn án. Ó lè jẹ́ pé 60 ni wọ́n fi í sí.

(b) Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun, lẹ́yìn náà kó dúdú, kí ẹ fi wá àmì tàbí ìlà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

(d) Ẹ ta gémù tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ojú mọ́nítọ̀ oríṣi VA sábà máa ń fi òjìji fà lẹ́yìn ohun tó ń sáré nínú òkùnkùn. Oríṣi IPS kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń hàn dáadáa láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó wúlò níbi tí èrò ń dúró wòran.

(e) Ẹ gba rìsíìtì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nípàdé

1. Ẹni tó ní PlayStation 4 mẹ́rin, mọ́nítọ̀ oníye Hz mélòó ló tó o?
2. Bí oníbàárà bá ní kí a ta 240 Hz fún òun, ìbéèrè wo ló yẹ ká kọ́kọ́ bi í?

Ajé á wọlé o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́