Ẹ So Ràkúnmí Mọ́lẹ̀ Kí Ìjì Tó Dé



Ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí dá lórí òrùlé. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ń pọ́n, ni páánù máa ń fò bí bébà. Bí ilé bá ti ṣí tán, a ó ní, “Àmúwá Ọlọ́hun ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣó tó ti dípẹtà láti ọdún mẹ́wàá, ta ni kò pààrọ̀ rẹ̀?

Ọkùnrin kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tó gbà ni pé kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Tirmidhi ló gbà á wá. Síso ló ṣáájú. Àìṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) náà sọ fún wa pé bí ojú ọ̀run bá ṣú, ojú Ànábì á yí padà, á máa wọlé, á máa jáde, títí òjò yóò fi rọ̀. Ìran ‘Ād ló ń rántí, àwọn tó rí ìkùukùu tí wọ́n rò pé òjò ló dé. Bí Ànábì bá ń kọminú, ta ni nínú wa ni yóò fọwọ́ lẹ́rán?

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń fẹ́ lórí wa. Bó bá di oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti gbóná janjan. Èyí ló ń gbé ìkùukùu dúdú ró, tó sì máa ń ti ìlà oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, bí ẹ bá kí Àlàásárì tán, ẹ wo apá ìlà oòrùn.

Àwọn ìjì ńlá tó ń da Amẹ́ríkà láàmú láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, orí ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ré òkun kọjá. Àwọn ará ọ̀hún a máa rí tiwọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Tiwa kì í sábà fúnni ní wákàtí kan. Oṣù kejì ló yẹ kí iṣẹ́ wa ti parí.

Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń gbé e sókè, etí ibi tó yọ síta ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí kápẹ́ńtà kọ́kọ́ wo ibẹ̀, kó pààrọ̀ ìṣó, kó fi wáyà líle so igi òrùlé mọ́ ògiri. Nínú àwọn agbo ilé alámọ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹ wo orí ògiri bóyá òjò ti jẹ ẹ́, torí bí igi kò bá rí ibi dì mú, ìṣó kò wúlò. Òkúta àti táyà tí àwọn kan ń kó lé páánù, ẹ kó wọn sọ̀kalẹ̀. Ìjì á sọ wọ́n lu ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá wà lórí ilé. Àwọn ìyá wa á bínú nítorí èso rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Bó bá ti ṣú, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde, òrùlé ni yóò gbà jáde. Ẹ pe àwọn ọmọdé tó ń ṣa máńgòrò wọlé. Bí mànàmáná bá kọ tí ẹ kò tíì ka 30 kí àrá tó sán, ó ti súnmọ́ yín. Ẹni tó bá sì ní àrá kì í ṣèèṣì mú ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún un pé ohun tó ga jù ló sábà máa ń wá. Ìwé ẹ̀rí WAEC yín, inú ọ̀rá ni kó wà. Arákùnrin wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sá tirẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ ti wẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ó ku ilé àwọn opó àti àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà ní Èkó. Wọn kò ní ránṣẹ́ pè wá. A fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ka irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Kí àwọn arábìnrin kọ́kọ́ wọlé bèèrè ibi tó ń jò, nítorí àwọn ìyá kì í sọ ọ́ fún ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, kí àwọn arákùnrin gbé àkàbà àti òòlù dé ní ọjọ́ Sátidé, kí oṣù kejì tó parí.