Àlọ Kì í Ṣe Ìdajì Àlọ-àti-Àbọ̀

Gbogbo wa ló mọ̀ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" ló sọ ọ̀rọ̀-ìṣe "lọ" di "àlọ", tó sì sọ "bọ̀" di "àbọ̀". (Ẹ fi àmì sí i dáadáa o; àlọ́ ni ti Ìjàpá.) Ìtumọ̀ wọn kò le: àlọ pẹ̀lú àbọ̀, ìrìnàjò kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìṣirò yìí ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Èkó lọ sí London lè pàdánù owó gidi. Mo ń kọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà ní ọdún àṣekágbá ló ń wá ààyè másítà ní Britain, owó àwọn òbí wa la ó sì fi wọ bàálù.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ rọrùn. Láti Èkó sí Àbújá, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹ lè bá Air Peace lọ, kí ẹ bá Ibom Air bọ̀. Ìtumọ̀ odindi jẹ́ àpapọ̀ ìtumọ̀ àwọn ẹ̀yà rẹ̀.

Ti òkè-òkun dà bí àkànlò èdè. Bí ẹ ro "fi", "ẹsẹ̀" àti "fẹ́" pọ̀ títí, ẹ kò ní í mọ̀ pé sísá lọ ni "fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ" ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá ṣe ń ta àlọ nìkan ní iye tó ju ìdajì àlọ-àti-àbọ̀ lọ dáadáa. Nígbà mìíràn, àlọ nìkan tilẹ̀ máa ń wọ́n ju méjèèjì lọ. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní 1977, American Airlines gbé ẹ̀dínwó Super Saver jáde: èrò gbọ́dọ̀ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kó tètè sanwó, kó sì lo iye ọjọ́ kan níbi tó lọ. Bí wọ́n ṣe ya ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn kúrò lára ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún.

Ká ní àlọ nìkan jẹ́ ₦900,000, àlọ-àti-àbọ̀ sì jẹ́ ₦1,300,000. ₦400,000 tó wà láàárín ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí òun gan-an ni owó àbọ̀. Ṣé ẹ ó lò ó? Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọjá ọdún kan, másítà Britain náà sì sábà máa ń gba ọdún kan gbáko. Lójú tèmi, ẹni tó ń retí láti ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò nílò àbọ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ wá ṣe Kérésìmesì nílé lè rà á, àmọ́ kó kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti yí ọjọ́ padà.

Bí àlọ-àti-àbọ̀ bá wá kéré sí àlọ nìkan ńkọ́? Àwọn kan máa ń rà á, wọ́n á sì jẹ́ kí àbọ̀ ṣòfò. Ẹ ka àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀, torí àwọn mìíràn kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fo àlọ láti lo àbọ̀: bí ẹ kò bá yọjú lọ́jọ́ àlọ, ọ̀pọ̀ wọn yóò fagi lé ìyókù.