Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Alálàyé — Bí A Ṣe Lè Ra Páàdì Géèmù Oníwáyà Láì Fi Owó Ṣòfò

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa àròkọ oníròyìn, èyí tí a fi ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Àròkọ alálàyé yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti la nǹkan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: bí a ṣe ń ṣe é, ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí a kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Olùdánwò kò ní kí o yin nǹkan náà, kò sì ní kí o bú u. Ohun tí ó ń wá ni pé bí aláìmọ̀kan bá ka ìwé rẹ tán, kí ó lè dìde kí ó sì ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀.

Wo irú ìbéèrè tí ó lè jáde nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá:

Àbúrò rẹ ti kó owó díẹ̀ jọ. Ó fẹ́ fi ra páàdì oníwáyà tí yóò máa fi ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Kọ àròkọ lórí bí ènìyàn ṣe lè yan èyí tí ó dára tí owó rẹ̀ kò sì ga jù.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ ọ́ báyìí pé: “Páàdì tí ó dára ni kí ènìyàn rà. Kò yẹ kí ènìyàn ra ayédèrú. Kí ènìyàn fara balẹ̀ lọ́jà.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Báwo ni a ṣe ń dá èyí tí ó dára mọ̀? Kí ni ẹni tí ó fara balẹ̀ ń wò? Nítorí náà, nígbàkigbà tí o bá kọ gbólóhùn kan nínú àròkọ alálàyé, bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì: “Kí ló dé?” àti “Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?” Bí gbólóhùn náà kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú méjèèjì, pa á rẹ́.

Ìlapa Èrò

(a) Ìfáàrà: ohun tí páàdì jẹ́, àti ìdí tí owó oníwáyà fi kéré.
(b) Géèmù tí ènìyàn ń ta ni yóò sọ irú páàdì tí yóò rà.
(d) Èdè tí páàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.
(e) Ọ̀pá ìdarí: ti èédú àti ti òòfà.
(ẹ) Wáyà fúnra rẹ̀.
(f) Bí a ṣe ń dán páàdì wò kí a tó sanwó.
(g) Ìkádìí: ìṣirò owó.

Àròkọ Àwòkọ́ṣe

Páàdì géèmù ni ohun èlò tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti darí géèmù. Ọ̀pá kékeré méjì wà lórí rẹ̀ fún àtàǹpàkò. Bọ́tìnnì alágbèélébùú wà ní apá òsì, bọ́tìnnì mẹ́rin wà ní apá ọ̀tún, mẹ́rin mìíràn sì wà ní iwájú níbi tí ìka ìfábẹ̀lá ń dé. Àwọn kan kò ní wáyà; bátìrì ni wọ́n ń lò. Oníwáyà kò nílò bátìrì, nítorí pé láti ojú ihò USB kọ̀ǹpútà ni iná rẹ̀ ti ń wá. Níwọ̀n bí kò ti sí bátìrì tí a ó sanwó rẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀rọ tí ń gba afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti èkejì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ṣìnà bí ó bá yan oníwáyà.

Ṣùgbọ́n owó kékeré náà lè ṣòfò. Ní ọdún tí ó kọjá, èmi àti àbúrò mi kó owó tí a rí nígbà ọdún pọ̀, a fi ra páàdì kan. Nígbà tí a dé ilé, iná orí rẹ̀ tàn, kọ̀ǹpútà sì dá a mọ̀, ṣùgbọ́n géèmù bọ́ọ̀lù tí a tìtorí rẹ̀ rà á kò gbọ́ tirẹ̀ rárá. Olùtajà kò gbà á padà. Àbúrò mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. A tà á fún ọmọ ilé kejì ní ìdajì owó tí a rà á. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà yí páàdì náà dé, ó ti bọ́tìnnì kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ láti D sí X, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Páàdì náà kò bàjẹ́. Àwa ni a kò mọ ohun tí a rà. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ọ ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlàyé yìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o mọ géèmù tí o ń ta. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀pá apá òsì ni ìwọ yóò máa yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ọ̀pá ni kí o wò jù. Bí ó bá jẹ́ ìjà, tí a ń tẹ bọ́tìnnì ní kíákíá, bọ́tìnnì alágbèélébùú ni kí o wò. Kò gbọ́dọ̀ le, kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ eré ìje ọkọ̀, bọ́tìnnì LT àti RT tí ó wà ní iwájú ni kókó. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n tí o bá fà wọ́n ni ọkọ̀ yóò fi sáré, bí ìgbà tí a ń tẹ irin ìsáré mọ́tò. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ju títàn àti kíkú lọ: ọkọ̀ yóò sáré pátápátá tàbí kí ó dúró. Irú èyí kò yẹ fún eré ìje. Bí ó bá sì jẹ́ géèmù ìbọn tí ènìyàn ń fi ojú ara rẹ̀ wò, eku kọ̀ǹpútà tí o ti ní tẹ́lẹ̀ lè sàn ju páàdì lọ, o kò sì ní ná kọ́bọ̀.

Ohun kejì ni èdè tí páàdì ń sọ. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 jáde, ó sì dá ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní XInput. DirectInput ni èyí tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù kọ̀ǹpútà òde òní ni a kọ fún XInput. Páàdì tí kò gbọ́ ju DirectInput lọ dà bí àlejò tí kò gbọ́ èdè onílé. Ìdí nìyí tí àwọn páàdì kan, bíi Logitech F310, fi ní bọ́tìnnì tí a ń tì sí X tàbí D. X dúró fún XInput, D sì dúró fún DirectInput. Kí o tó rà, wo ara páálí bóyá a kọ XInput síbẹ̀. Bí o bá ti ra èyí tí kò ní i, má tíì sọ ọ́ nù. Ètò Steam ti ilé-iṣẹ́ Valve lè ṣe ògbufọ̀ fún un, bí o bá ń gba inú Steam ṣí géèmù rẹ.

Ohun kẹta ni ọ̀pá ìdarí. Nínú ọ̀pọ̀ páàdì, irin tín-ín-rín kan ń rìn lórí ohun tí a fi èédú kùn; ibi tí irin náà bá dúró sí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí o yí ọ̀pá sí. Nítorí pé irin ń họ èédú lójoojúmọ́, èédú náà yóò gbó. Nígbà náà ni agbábọ́ọ̀lù rẹ yóò máa rìn lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí o kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn géèmù kan ní ètò tí a fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ka ìṣípòpadà kékeré sí, ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá ti pọ̀, ètò náà kò ràn án mọ́.

Irú ọ̀pá kejì ń lo òòfà. A ń pè é ní Hall effect, nítorí Edwin Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó ṣàwárí ní ọdún 1879 pé òòfà máa ń ti iná tí ó ń gba inú irin kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òòfà kò fi ara kan ohun tí ń wọn agbára rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò họ. Kì í ṣe ohun tuntun: ilé-iṣẹ́ Sega lò ó nínú páàdì Dreamcast ní ọdún 1998. Lónìí, a ti ń rí i nínú àwọn páàdì oníwáyà tí owó wọn kò ga, bíi GameSir G7 SE àti 8BitDo Ultimate 2C oníwáyà. Bí o bá rí Hall effect lára páálí, tí ìyàtọ̀ owó kò sì pọ̀, òun ni kí o mú. Bí a kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, gbà pé ti èédú ni.

Ohun kẹrin ni wáyà. Bí wáyà bá wọnú ara páàdì tí kò ṣeé yọ, ọjọ́ tí ó bá já, olùtúnṣe ni yóò tú páàdì náà. Bí ó bá ṣeé yọ, wáyà nìkan ni ìwọ yóò pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sára: àwọn wáyà kan tí a fi ń gba iná sínú fóònù kò ní okùn tí ń gbé ọ̀rọ̀. Irú wọn lè mú kí iná orí páàdì tàn, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọn ibi tí o máa ń jókòó sí pẹ̀lú, kí wáyà má baà kúrú.

Ohun karùn-ún, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé kí o dán an wò kí o tó sanwó. Gbé kọ̀ǹpútà àgbéletan dání, tàbí kí o bẹ olùtajà kí ó tan tirẹ̀. Ki wáyà bọ ihò USB. Lórí Windows, tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, kọ joy.cpl, kí o sì tẹ Enter. Yan páàdì náà, kí o wọ ibi tí a ń pè ní Properties. Ìwọ yóò rí àpótí kan tí àmì kékeré wà láàárín rẹ̀. Yí ọ̀pá lọ sókè, sílẹ̀, sí ọ̀tún, sí òsì, kí o sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì náà gbọ́dọ̀ padà sí àárín ní gbogbo ìgbà. Tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Iná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn. Fa LT àti RT ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kí o wò ó bóyá ìlà náà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bí páàdì bá wà lórí X, ìlà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń pín lò níbẹ̀. Bí o bá fà wọ́n pọ̀, ìlà náà yóò dúró sí àárín. Má ṣe pè é ní àbùkù. Bákan náà, má ṣe gba orúkọ tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ojúlówó ni, nítorí ayédèrú náà lè pe ara rẹ̀ ní Xbox 360.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní páàdì kan jẹ́ 10,000 náírà, tí ó sì lo oṣù 4: 2,500 náírà ni ó ná ọ lóṣù. Ká ní òmíràn jẹ́ 24,000 náírà, tí ó lo oṣù 24: 1,000 náírà ni ó ná ọ lóṣù. Èwo ni ó wọ́n nínú méjèèjì? Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò lè ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó gba èmi àti àbúrò mi ní sáà ilé-ìwé méjì kí a tó tún rí owó kó jọ. Lọ́jọ́ tí a padà sọ́jà, mo dákẹ́, mo ń wo àbúrò mi. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ joy.cpl, tí ó yí ọ̀pá, tí ó fi í sílẹ̀. Ó dá páàdì méjì padà fún olùtajà kí ó tó yọ owó fún ẹ̀kẹta.

Àkíyèsí

1. Wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dá lé kókó kan ṣoṣo. Òǹkọ̀wé kò dá ọ̀rọ̀ wáyà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá.
2. Ìtàn èmi àti àbúrò mi kò ju ìpínrọ̀ kan lọ níbẹ̀rẹ̀ àti gbólóhùn díẹ̀ ní ìparí. Bí ìtàn bá gba ojú ewé méjì, àròkọ náà ti di oníròyìn, ìwọ yóò sì pàdánù máàkì.
3. Òwe kan péré ni a pa, a sì fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Má ṣe to òwe jọ bí igi ìdáná.
4. Ọ̀rọ̀ àyálò bíi páàdì, wáyà àti bọ́tìnnì ni a kọ ní ìlànà Yorùbá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ohun tí a ó tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà ni a fi sílẹ̀ bí wọ́n ti wà.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

Ṣe ìlapa èrò fún ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, lẹ́yìn náà kí o kọ àròkọ lé e lórí:
(a) Bí a ṣe lè ra fóònù àlòkù láì kábàámọ̀.
(b) Bí a ṣe lè yan àtùpà tí ń lo oòrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé lóru.
(d) Bí a ṣe lè tọ́jú kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ilé jùmọ̀ ń lò.