ORÚKỌ ỌMỌ NI ÌJÁNU ỌMỌ: Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń béèrè owó ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àti bí kò ṣe níí bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

  

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti àlùwàlá, kì í sì í ṣe ti sàká. Ẹ̀kọ́ lórí ìwé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ná ọjà ní Sabon Gari, Kánò níbí, ni ó ní ọmọ ní yunifásítì, ní pólì tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, owó ilé-ìwé sì ti kọjá ohun tí èrè orí ọjà lè gbé. Owó ìrànlọ́wọ́ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í rí i gbà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé. Ìwé wọn ni kò bára mu. A ó sọ bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá díẹ̀ láti sọ ọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ọmọbìnrin kan kéwú lọ́dọ̀ wa láti kékeré títí a fi ṣe wòlímọ̀ fún un. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ọmọ yìí ti wọ yunifásítì ìjọba. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n bi í, ẹ̀rọ kò gbà á. Ó tún un ṣe, kò gbà. Orúkọ tí ó wà nínú NIN rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ilé-ìwé ní lọ́wọ́, ti báńkì tún dá yàtọ̀ sí méjèèjì.

Ta ni ó fa èyí? Àwa ni. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ rìnrìn-àjò ọjà, àwa ni a mú un lọ, tí a sì kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. A kọ orúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń pè é ní ilé-kéwú, a sì fi orúkọ tí a sọ bàbá rẹ̀ gan-an tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìlú yìí ti ń ṣe. Orúkọ yìí ni ó bá a dé ìwé ẹ̀rí WAEC. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá ń gba NIN fún un, orúkọ ìdílé wọn ní ilé ni ó fi sí i. Ọmọ kan ṣoṣo, ó di ènìyàn méjì nínú ìwé.

Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, sáà ẹ̀kọ́ náà ti parí. Bàbá rẹ̀ fa owó òwò yọ, ìyá rẹ̀ ta yẹtí wúrà rẹ̀, kí ọmọ má baà jókòó sílé. Bàbá náà wí fún wa pé, "Àlùfáà, ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ẹ JẸ́ KÍ ORÚKỌ JẸ́ Ọ̀KAN

Àwọn baba wa ní, ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lóde òní, ìwé náà ni à á wò. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń fi NIN forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, orúkọ tí ó bá sì wà nínú NIN ni yóò bá ọmọ lọ.

Ìṣòro àwa Mùsùlùmí tí a wà ní òkè Ọya pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Èkíní, orúkọ kan náà ni a ń kọ ní oríṣiríṣi: Rashidat, Rasheedah, Rasidatu, Muhammad, Mohammed, Momodu. Ní etí wa, ọ̀kan náà ni. Ní ojú ẹ̀rọ, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èkejì, orúkọ baba ni ará ìlú yìí fi ń ṣe orúkọ ìdílé, nígbà tí àwa ní orúkọ agboolé.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ kó gbogbo ìwé ọmọ sórí ẹní: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti WAEC tàbí NECO, ti NIN, ti JAMB, ti báńkì pẹ̀lú BVN. Ẹ wo ohun mẹ́ta: lẹ́tà orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìdílé tí a lò, àti ọjọ́ ìbí. Bí ọmọ kò bá tíì ṣe WAEC, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí, kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí ó bá ti ṣe é, ìwé WAEC ni ó le jù láti yí padà. Ẹ jẹ́ kí ìyókù tẹ̀lé e. Àtúnṣe orúkọ nínú NIN ń gba owó, àtúnṣe ọjọ́ ìbí sì tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù jáde ti pẹ́.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ẸBÙN WÀ, Ẹ̀YÁWÓ SÌ WÀ

Ẹ̀bùn ni kí a kọ́kọ́ wá, nítorí a kì í san án padà. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ilé ní àjọ tí ń ṣètò owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ìbílẹ̀ wọn: Ọ̀yọ́ ní, Ọ̀ṣun ní, Kúwárà àti Ògùn náà ní. Ìpínlẹ̀ tí a ń gbé kò ka ọmọ wa sí ọmọ ìbílẹ̀, bí a tilẹ̀ bí i síbí tí a sì bí bàbá rẹ̀ síbí. Ọmọ tí kò bá ní ìwé láti ilé yóò wá di ẹni tí kò ní ìpínlẹ̀ kankan: níbí wọn kò mọ̀ ọ́n sí tiwọn, nílé wọn kò mọ̀ ọ́n rárá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sílé ọdún Iléyá, ẹ mú ọmọ náà dání, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún un ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà agboolé léèrè. Ogbómọ̀ṣọ́ ní Àríwá ó ní Gúúsù. Ìlọrin ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù. Ibi tí agboolé yín wà ni yóò sọ èyí tí í ṣe tiyín. Ẹ̀yin ará Ìwó àti Ẹdẹ, ẹ rántí pé ọdún 1991 ni a dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bí ìwé bàbá bá ṣì ń pe Ọ̀yọ́, kí ọmọ má dà á kọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń fúnni. MTN Foundation ní ètò fún àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí wọ́n ti dé 300 level, tí CGPA wọn kò sì dín sí 3.5.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ẹ̀YÁWÓ TI NELFUND

Ní ọdún 2023 ni a kọ́kọ́ ṣe òfin ẹ̀yáwó yìí. Òfin náà ní kí owó tí ń wọlé fún ìdílé má tó ₦500,000 lọ́dún, kí ọmọ sì ní onídùúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 a ṣe òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì mú àwọn ìdènà wọ̀nyí kúrò. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lè béèrè. Kò sí ti onílé tàbí àlejò nínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Owó ilé-ìwé, ilé-ìwé ni NELFUND ń san án fún tààrà. Owó jíjẹ-mímu, ₦20,000 lóṣù, inú àpò báńkì ọmọ ni ó ń wọ̀. Orí nelf.gov.ng ni a ti ń béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá yín "tì í síwájú", tí ó ń gba owó, ẹ sá fún un. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé àti àkáǹtì báńkì ni wọn yóò béèrè. Bí ilé-ìwé kò bá tíì fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí NELFUND, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ lọ bá àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ilé-ìwé, kí ó má jókòó máa dúró.

Ní ti ìbéèrè tí ẹ sábà máa ń bi wá: ẹ̀yáwó yìí kò ní èlé, iye tí a yá náà ni a ó san. Èlé ni Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀, kì í ṣe yíyá owó.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: KÍ Ó MÁ BAÀ BỌ́

Rírí owó gbà lọ́dún kan kò sọ pé a ó rí i lọ́dún kejì.

1. Sáà tuntun, ìbéèrè tuntun. Ẹni tí ó gba ti NELFUND ní ọdún yìí ní láti tún béèrè ní sáà tí ń bọ̀.

2. Ẹ̀bùn tí ó dúró lórí CGPA, tí CGPA bá já, òun náà já. Ọmọ tí a ń fi owó ẹlòmíràn kọ́ kò gbọdọ̀ kó eré jọ ju ìwé lọ.

3. Nọ́ńbà fóònù àti íméèlì ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí a lò, kì í ṣe ti ẹni tí ń báni tẹ kọ̀ǹpútà ní ìta. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ lọ́wọ́ ni ó ni owó rẹ.

4. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí ẹ bá ti san owó ilé-ìwé kí ti NELFUND tó dé, rìsíìtì ni ẹ ó fi béèrè owó yín padà lọ́wọ́ ilé-ìwé.

5. Kí a má parọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó fi irọ́ gba ẹ̀bùn ti gba ẹ̀tọ́ aláìní.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: GBÈSÈ NI

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé owó ìjọba jẹ́ owó tí kò ní olówó. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Àáyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba nínú Súúrà Bákárà, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Hàdíìsì sì fi yé wa pé Ànábì fà sẹ́yìn láti kírun sí òkú onígbèsè lára títí ẹnìkan fi gbà á rù. Kí bàbá àti ọmọ jọ ní ìwé kékeré kan tí wọn yóò máa kọ iye tí a gbà sí, ní ọdọọdún.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ Ó JỌ DÁHÙN NÍLÉ

Kí ni orúkọ ìdílé tí ó wà nínú NIN ọmọ yín? Ṣé òun náà ni ó wà nínú WAEC? Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni agboolé yín wà? Èló ni ọmọ yín ti yá títí di òní?

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ìwé rẹ̀ ṣe, ó sì rí ẹ̀yáwó gbà ní sáà tí ó tẹ̀lé e. Yẹtí ìyá rẹ̀ kò padà. Nísinsìnyí, a kì í kọ orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀ ní ilé-kéwú wa láìjẹ́ pé òbí mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá, kí a lè dà á kọ bí ó ṣe wà gan-an. Ẹni tí ìwé ọmọ rẹ̀ bá rú lójú, kí ó kó o wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àìkú, a ó jọ tẹ́ ẹ sórí ẹní.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí Ó bá wa san gbèsè ọrùn wa. Àmín.