A Yẹ̀ Ẹ́ Wò, A Kò Tíì Dán An Wò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe áàpù fún àwọn oníṣòwò gbé ìwé kan wá fún mi pé kí n bá òun tún èdè rẹ̀ ṣe. Ó ti gbé áàpù náà fún èèyàn mẹ́ta tó ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń tẹ ibí, wọ́n ń tẹ ọ̀hún, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tó lè dí ẹni tí yóò lò ó lọ́wọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, "ìdánwò" ló pe iṣẹ́ yìí. Mo ní kó kọ "àyẹ̀wò". Ó ní ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Yẹ̀ wò ni àyẹ̀wò ti wá, dán wò sì ni ìdánwò ti wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì kí ohun tí à ń ṣe iṣẹ́ sí lára lè bọ́ sáàárín ni àwọn méjèèjì. À ń yẹ ọjà wò, à ń dán ọjà wò. À ń yẹ̀ ẹ́ wò, à ń dán an wò. (Ẹ kíyè sí i pé ohùn ìsàlẹ̀ orí yẹ̀ di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀pọ̀ ló ń kọ "yẹ̀ ọjà wò", kò tọ̀nà.) Ẹni tó ń yẹ nǹkan wò, ojú àti ìmọ̀ ló fi ń ṣe é. Bí dókítà ṣe ń yẹ aláìsàn wò nìyẹn, bí télọ̀ ṣe ń yẹ ojú rírán wò kí oníbàárà tó dé nìyẹn. Ẹni tó ń dán nǹkan wò, lílò ló ń lò ó. Bóyá ọ̀bẹ mú, ojú nìkan kò lè sọ. A ó dán an wò lára iṣu ni.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní 1990, Jakob Nielsen àti Rolf Molich, ọmọ Denmark ni àwọn méjèèjì, gbé ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde: kí àwọn amòye díẹ̀ mú ìlànà lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi yẹ gbogbo ojú ọjà náà wò. Ní 1994, Nielsen tún àwọn ìlànà náà tò, wọ́n sì di 10 tí ayé ń lò di òní. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ìgbà tí a bá pe ìyá aláṣọ, tí a fún un ní fóònù pé kó fi áàpù náà ta ọjà, ìgbà náà ni a ń dán an wò. Kí a sì ṣọ́ bí a ó ti sọ ọ́ fún ìyá aláṣọ. Bí a bá ní "a fẹ́ ṣe ìdánwò fún yín", ilé-ìwé ni yóò rántí, ẹ̀rù yóò sì bà á pé òun lè kùnà. "Ẹ bá wa dán áàpù yìí wò" ni ká wí. Áàpù ló wà láàárín dán àti wò, kì í ṣe ìyá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni, àmọ́ wíwò yàtọ̀ sí rírí. "Mo wò ó, n kò rí i" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ta kora. Nielsen ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ mẹ́fà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: amòye kan ṣoṣo, nínú 100 ìṣòro tó wà nílẹ̀, bíi 35 péré ló ń rí. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n tó 3 sí 5, kí kálukú dá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pa ohun tí wọ́n rí pọ̀.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ "ìwúlò". Ohun tó bá ṣe wá láǹfààní ló wúlò. Ohun tí ọwọ́ lè ká ló ṣeé lò. Ohun tí kò ní wa lágara ló rọrùn láti lò. Áàpù lè wúlò gidigidi kó má rọrùn láti lò. Ìrọ̀rùn lílò ni àwọn mẹ́ta náà ń yẹ̀ wò.

Ìlànà kejì nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní kí ọjà sọ èdè àwọn tó ń lò ó. Ibi tó dùn mí jù nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù tó ní Yorùbá nínú kò tíì sọ Yorùbá. Àbúrò ìyá mi kan kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sínú áàpù kan. Nígbà tó parí, ó rí "Fi pamọ́". Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni òun ń fi pamọ́ sí, ta ni òun ń fi pamọ́ fún? Gbogbo ohun tó kọ lọ. Ìyá yìí kò ṣì í gbọ́: ohun tí a fi pamọ́ lè jẹ́ ohun tí a tọ́jú, ó sì lè jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. "Tọ́jú rẹ̀" ì bá ti gbà á.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó ṣèèṣì tẹ ibi tí kò fẹ́. Áàpù bi í bóyá kí òun pa orúkọ oníbàárà kan rẹ́, ó sì gbé bọ́tìnì méjì síwájú rẹ̀: "Pa rẹ́" àti "Fagilé". Orúkọ tí a bá fa igi lé, ṣé kò ti kúrò nínú ìwé ni? Ìyá wo ọ̀nà méjì, ìparun ló rí ní ọ̀nà méjèèjì, ó bá pa fóònù. Ìlànà kẹta ní kí ọ̀nà àbáyọ hàn kedere sí ẹni tó ṣìnà. "Má pa á rẹ́" ni ọ̀nà àbáyọ tó yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo "Àṣìṣe wáyé" náà. Ṣíṣe wà nínú àṣìṣe; ẹnì kan ló ṣì í ṣe. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ta ló ṣì í ṣe? "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ẹ tún gbìyànjú" kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá sì ṣì í tẹ̀, èdè wa ní àṣìtẹ̀, àṣìkọ àti àṣìmú nílẹ̀. Kí áàpù dárúkọ èyí tó ṣẹlẹ̀, kó sì sọ bí a ó ti tún un ṣe.

Nínú ìròyìn àyẹ̀wò, wọ́n máa ń fi 0 dé 4 wọn bí ìṣòro ṣe wúwo tó. Mo gba "àléébù" fún 1, èyí tí kò ju ti ojú lásán lọ, àti "àjálù" fún 4. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ "àbùkù" síbẹ̀. Ẹni tó ṣe áàpù yóò gbà pé a fi àbùkù kan òun ni, kò sì ní fetí sí ìyókù.

Ó ku ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin náà: ṣé "o" ni áàpù yóò máa lò ni, àbí "ẹ"? Kí a kọ́kọ́ bi ara wa ta ló ń sọ̀rọ̀. Bí áàpù bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí náà "Ẹ tẹ nọ́ńbà yín síbí" ló yẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń fi bọ́tìnì pàṣẹ fún ẹ̀rọ. "Fi ránṣẹ́", "Tọ́jú rẹ̀", "Má pa á rẹ́": kò sí "ẹ" níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí fóònù ọwọ́ ara rẹ̀.